Àna Tó Mọ Ẹ́ńjìnnì Tú

Mẹkáníìkì kẹta tí Láolú pè láàárọ̀ Sátidé yẹn ló sọ òótọ́ fún un. Ẹni àkọ́kọ́ ní alùpùpù náà ti gbó jù. Ẹnì kejì ní òun kì í fọwọ́ kan irú ẹ́ńjìnnì bẹ́ẹ̀ mọ́. Ẹnì kẹta jẹ́ kó rojọ́ tán: bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń dún gbà-gbà-gbà bí ẹni ń gún iyán, bó ṣe tu èéfín, bó ṣe wá kú fin-ín nídìí robot, iná tó ń darí ọkọ̀ lójú títì, tí gbogbo mọ́tò ẹ̀yìn rẹ̀ sì ń fọn fèrè lé e lórí. Lẹ́yìn náà ló bi í pé:

"Níbo lo ti wá?"

"Turffontein níbí."

"Mo gbọ́. Níbo lo ti wá gan-an?"

Láolú sọ fún un. Bó ṣe gbọ́ Nàìjíríà, ọkùnrin náà mí kanlẹ̀ lórí fóònù. Ó ní òun ò bá ẹnikẹ́ni ṣọ̀tá, ṣùgbọ́n àwọn Ẹgbẹ́ Ilé Wa ti lọ káàkiri gbogbo ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì tó wà lágbègbè náà lọ́sẹ̀ yẹn. Wọ́n ní ẹni tó bá bá àjèjì tún ọkọ̀ ṣe, kó tètè wá ibòmíì ṣí ṣọ́ọ̀bù sí. Ó bá Láolú kẹ́dùn. Ó ní ẹ́ńjìnnì yẹn ṣeé tún ṣe dáadáa, pé irú rẹ̀ ò sí lórí àtẹ mọ́. Ó wá bẹ̀ ẹ́ pé kó jọ̀ọ́, kó pa nọ́ńbà òun rẹ́.

Láolú pa á rẹ́. Ẹni tó bá fi sùúrù bẹni, ó yẹ kí a gbọ́ ẹ̀bẹ̀ rẹ̀.

Damaris, ìyàwó rẹ̀, ń ro pap, oúnjẹ àgbàdo ilẹ̀ wọn, lórí iná, ó kọ ẹ̀yìn sí i. Ọmọ bíbí Johannesburg ni, ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ nílé ọkọ débi pé Yorùbá tó gbọ́ ti tó ó jà.

"Bàbá Oyin, kí ló wí?"

"Ó ní ẹ́ńjìnnì náà ṣeé tún ṣe."

"Ṣé ó máa tún un ṣe?"

"Rárá."

Ilé oògùn kan ní Auckland Park ni Láolú ń bá gbé oògùn kiri ilé àwọn arúgbó tí ẹsẹ̀ ń dùn wọ́n. Akáńtáǹtì ni, ìwé-ẹ̀rí rẹ̀ wà lára ògiri pálọ̀, ṣùgbọ́n ìwé tó fi lè ṣiṣẹ́ akáńtáǹtì ti pẹ́ lórí tábìlì ìjọba débi pé eruku ibẹ̀ á ti mọ orúkọ rẹ̀ pè. Ọ̀gá ilé oògùn ti bá a sọ ọ́ jẹ́jẹ́: bí òun ò bá rí alùpùpù láàárọ̀ Mọ́ńdè, òun á gba ẹlòmíì. Jẹ́jẹ́ ni gbogbo èèyàn ń bá Láolú sọ̀rọ̀ lásìkò yẹn.

Fasilat wọlé. Yàrá ẹ̀yìnkùlé wọn ló ń gbé, Hillbrow ló ti ń bá àwọn obìnrin ṣe irun. Omi gbígbóná ló ní òun wá bù. Bí ìjà bá ti ń ṣú ní ilé yẹn, omi Fasilat a máa tán.

"Ohùn yín ni, Bọ̀dá Láolú," ló wí. "Bí ẹ bá ti ní 'hẹ́lò' báyìí, wọ́n ti mọ̀ pé ẹ ò wá láti Soweto. Ẹ jẹ́ kí ìyàwó yín bá wọn sọ̀rọ̀."

Damaris nu ọwọ́, ó gba fóònù, ó pe mẹkáníìkì àkọ́kọ́, ẹni tó ní alùpùpù náà ti gbó jù. Ó fi Zulu kí i, ó bi í léèrè ọmọ, ó ṣàlàyé ẹ́ńjìnnì. Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín débi pé Láolú gbọ́ ọ láti ibi tó jókòó sí. Ó ní ẹ́ńjìnnì ayé ìgbà yẹn kì í kú, kí wọ́n máa gbé e bọ̀ kíá. Kí wọ́n sáà mú ìwé alùpùpù náà dání.

"Orúkọ ta ló wà lórí ìwé náà, sister?"

Damaris pa fóònù.

Pap ń hó pọ̀tọ̀-pọ̀tọ̀. Oyin, ọmọ wọn obìnrin, ló fi èdè Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ sọ láti inú yàrá pé kí ló dé tí wọn ò pe Malume Micah, ṣebí òun ló máa ń tún gbogbo nǹkan ṣe.

Òótọ́ ni. Micah, tí Oyin ń pè ní Malume, ni ẹ̀gbọ́n Damaris ọkùnrin. Àgbàlá ilé rẹ̀ ló ti ń ṣiṣẹ́ mẹkáníìkì, kò sì sí alùpùpù àtijọ́ tí kò lè tú palẹ̀ kó tún un tò. Ọmọ Ẹgbẹ́ Ilé Wa sì ni pẹ̀lú. Ẹ̀wù aláwọ̀ ewé wọn ló wọ̀ wá síbi ọjọ́ ìbí Oyin, ó gbé kéèkì wá.

"Mi ò lọ," ni Láolú wí.

"Ìyá kan náà ló bí èmi àti òun."

"Mi ò bá ìyá yín jà."

"Èmi lẹ̀ ń bá jà."

"Damaris, ẹ̀gbọ́n rẹ wà lára àwọn tó ní kí wọ́n má tún alùpùpù mi ṣe."

"Ṣé ẹ ò rí i? Òun gan-an ló yẹ kó wá tún un ṣe!"



"Ẹni tí a ní kó fẹ́ni lójú," ni Fasilat wí, ó ń wo òrùlé, "ata ló rún sẹ́nu."

Damaris kọjú sí i. "Fasilat, omi rẹ ti gbóná."

Wọ́n ti alùpùpù náà lọ. Láolú di ọwọ́ rẹ̀ mú níwájú, Damaris ń fi ọwọ́ kan ti ìdí rẹ̀, ìkòkò pap àti ọbẹ̀ adìyẹ wà lọ́wọ́ kejì nínú aṣọ, nítorí a kì í lọ bẹ ẹ̀gbọ́n ẹni lọ́wọ́ òfo. Àwọn tó jókòó sí ìta ilé wọn ń wò wọ́n. Bàbá kan ní "Eish!" bí wọ́n ṣe ń kọjá. Kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ, kò sì dìde.

Micah ti wọ ẹ̀wù aláwọ̀ ewé náà. ILÉ WA, TIWA NI: bẹ́ẹ̀ ni wọ́n kọ ọ́ sí i láyà ní Zulu. Bó ṣe rí Láolú ni inú rẹ̀ dùn.

"Sbali!" ló pariwo, nítorí bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń pe àna lọ́dọ̀ wọn. Ó dì mọ́ ọn. Ó dì mọ́ alùpùpù náà pẹ̀lú. "Kí ló dé tí o ò kọ́kọ́ wá bá mi?"

"Mo rò pé ọwọ́ rẹ á dí."

"Ó di ọ̀sán kó tó dí."

Ó tẹ́ tapólì sílẹ̀ ní abẹ́ igi, ó kúnlẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tú ẹ́ńjìnnì. Ọwọ́ rẹ̀ ò yára, kò sì falẹ̀. Gbogbo nọ́ọ̀tì tó bá tú ló ń tò sórí tapólì bó ṣe jáde, kò jẹ́ kí wọ́n dàrú. Nígbà tó ṣí orí ẹ́ńjìnnì, ó pe Láolú kó wá wò ó. Písítìnì ti họ ògiri ihò rẹ̀ bí ìgbà tí ológbò họ ilẹ̀kùn. Ríǹgì rẹ̀ ti kán sí méjì.

"Ìyà jẹ ẹ́," ni Micah wí fún ẹ́ńjìnnì náà. Ó wá gbójú sókè. "Sbali, mo mọ ohun tó wà lọ́kàn rẹ. Ẹ̀wù yìí. Ẹni tí à ń sọ kọ́ nìwọ."

Láolú ti gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí rí. Ìyá tó ni ilé tó ń gbé ti sọ ọ́ fún un. Awakọ̀ taxi ti sọ ọ́ fún un. Ọlọ́pàá tó dá a dúró lójú ọ̀nà ti sọ ọ́ fún un kó tó gba owó lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ti gbọ́ ọ débi pé ó ti ń wù ú kó fojú kan ẹni tí wọ́n ń sọ gan-an, kó bá a jókòó, kó bi í pé báwo ló ṣe ń ṣe é.

"Mo mọ̀," ló wí.

"Shap. Ó dára bẹ́ẹ̀."

Micah ní àwọn nílò písítìnì, ríǹgì àti gásíkẹ́ẹ̀tì. Ó ní kó má ṣe dààmú ara rẹ̀ lọ sí àwọn ṣọ́ọ̀bù ńlá, wọn ò tiẹ̀ mọ ohun tó ń sọ. Ẹnì kan péré ló ní irú rẹ̀: Kingsley, ará Nàìjíríà tó ń ta ẹ̀yà ara alùpùpù ní òpópónà ìsàlẹ̀.

"Tètè lọ," ni Micah wí. "Kó o dé ibẹ̀ kí ọ̀sán tó pọ́n. Wọ́n máa ti ṣọ́ọ̀bù yẹn lónìí."

"Àwọn wo?"

Micah mú àkísà, ó nu ọwọ́ rẹ̀, ó nu àwọn ìka náà lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Àwa," ló wí. "Tí a bá ti jẹun ọ̀sán tán."

Abọ́ ni Damaris ti ń tò kalẹ̀ lórí bẹ́ǹṣì. Ó dúró. Ó kó abọ́ náà lé ara wọn padà, ó dé ìkòkò, ó gbé e lé itan, ó sì jókòó.

"Bàbá Oyin," ló wí ní Yorùbá, "ẹ máa lọ. Wọn ò ní í tètè jẹun."

Ìlà gígùn ni Láolú bá níwájú ṣọ́ọ̀bù Kingsley. Kò rí irú rẹ̀ rí. Àwọn tó ń fi alùpùpù gbé oúnjẹ kiri wà níbẹ̀, àwọn bàbá onímọ́tò wà níbẹ̀, obìnrin kan gbé ọmọ pọ̀n. Gbogbo wọn ló ti gbọ́ pé wọ́n máa ti ṣọ́ọ̀bù náà lọ́sàn-án, gbogbo wọn ló sì wá ra ohun tí wọ́n nílò kí wọ́n tó tì í. Àwọn ẹ̀wù aláwọ̀ ewé wà nínú ìlà náà, wọ́n tò létòlétò. Ọ̀kan nínú wọn ń bẹ ẹni tó wà níwájú rẹ̀ pé kó ṣe kíá, pé ìpàdé ń dúró de òun.

Kingsley ti fa ilẹ̀kùn onírin rẹ̀ wálẹ̀ dé ìdajì, ó ń tà lábẹ́ rẹ̀. Òógùn ti mu ún. Mushin ló ti dàgbà, Yorùbá rẹ̀ dán ju ti Oyin lọ. Nígbà tó kan Láolú, Láolú tẹ̀ bá a létí.

"Wọ́n ń bọ̀ o."

"Ta ni ò mọ̀? Àwọn oníbàárà mi ló sọ fún mi. Kí lo fẹ́?"

Láolú sọ fún un. Kingsley wọlé, ó gbé písítìnì àti ríǹgì jáde nínú ọ̀rá, ó gba owó. Ó ní gásíkẹ́ẹ̀tì wà, òun rí i lánàá, ṣùgbọ́n òun á tú ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù kí òun tó rí i.

"Padà wá gbà á."

"Nígbà wo?"

Kingsley wò ó. Ẹni tó wà lẹ́yìn Láolú wúkọ́.

"Jẹ́ kí n bá ẹ palẹ̀ ọjà mọ́," ni Láolú wí. "A lè gbé èyí tó wọ́n gba ẹ̀yìn."

"Ìwọ tí ìwé rẹ ò tíì jáde? Tí ọlọ́pàá bá dé, ta ni wọ́n máa kọ́kọ́ mú níbẹ̀? Láolú, lọ sọ́dọ̀ ìyàwó rẹ."

Láolú lọ. Nígbà tó dé ìkángun òpópónà náà, ó rí i pé òun ti ń sáré. Ó sọ fún ara rẹ̀ pé torí ẹ́ńjìnnì ni.

Micah ti jáde kó tó dé. Damaris ṣì jókòó síbi tó fi í sí, ìkòkò wà lórí itan rẹ̀.

"Ṣé ó jẹun?"

"Kò jẹun. Ó rò pé àwàdà ni mò ń ṣe. Nígbà tó rí i pé kì í ṣe àwàdà, ó lọ bẹ́ẹ̀."

Wọ́n jókòó ti ẹ́ńjìnnì tí wọ́n tú sílẹ̀. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀ wọ́n gbọ́ orin láti ọ̀nà ìsàlẹ̀. Orin náà dùn, wọ́n gbè é dáadáa. Lẹ́yìn orin, wọ́n gbọ́ irin tó ń dún, wọ́n gbọ́ dígí. Láolú dìde, Damaris dì í ní ṣòkòtò mú. Kò jù ú sílẹ̀. Láolú dúró bẹ́ẹ̀, ó ń wo géètì, títí ẹsẹ̀ fi ro ó, ó wá jókòó padà.

Fasilat pè. Inú taxi ló wà, ọkọ̀ náà kò rí ọ̀nà kọjá. Ó ní wọ́n ti já ilẹ̀kùn Kingsley, àwọn èèyàn ń gbé táyà lórí bí ẹni ń ti oko bọ̀. Ó ní òun rí Kingsley fúnra rẹ̀, ó jókòó sí òdìkejì títì, ó ń wò wọ́n. Ẹnu rẹ̀ wú. Ó ní òun ò rí Micah. Damaris ò bi í léèrè Micah.

Láolú mú àkísà, ó ń nu àwọn nọ́ọ̀tì náà. Wọn ò dọ̀tí.

Ìrọ̀lẹ́ ni Micah wakọ̀ wọlé, báàkì rẹ̀ kékeré tó fi ń gbé ẹrù. Ohùn rẹ̀ ti há, eruku bò ó, ayọ̀ sì wà lójú rẹ̀. Ó gbé páálí kan jáde láti ẹ̀yìn ọkọ̀, ó gbé e síwájú Láolú, díẹ̀ ló kù kó kúnlẹ̀.

"Sbali, mo rántí rẹ. Wò ó. Àwọn kan ń du táyà, mo ní èmi mọ ohun tí àna mi ń wá."

Gásíkẹ́ẹ̀tì náà ló wà lókè, nínú ìwé rẹ̀, tuntun. Písítìnì méjì wà lábẹ́ rẹ̀, ṣéènì, àti búrékì.

"Tí èmi ò bá kó o, ẹlòmíì á kó o," ni Micah wí, nígbà tó rí ojú wọn.

Láolú ń wo gásíkẹ́ẹ̀tì náà. Ohun tó bà á lẹ́rù ni pé inú rẹ̀ ló kọ́kọ́ dùn. Kó tó rántí ohunkóhun, kó tó rántí Kingsley tó jókòó sí òdìkejì títì, ọkàn rẹ̀ ti sáré lọ sí Mọ́ńdè, ó ti gun alùpùpù, ó ti dé Auckland Park. Ó fa ọwọ́ rẹ̀ padà, kò mọ ìgbà tó nà án.

Damaris dìde. Ó gbé páálí náà, ó gbé e padà sẹ́yìn báàkì, ó ṣí ilẹ̀kùn iwájú, ó gbé ìkòkò rẹ̀ wọlé.

"Wọ mọ́tò," ló wí fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

"Níbo là ń lọ?"

"Ibi tó o ti ń bọ̀."

"Wọ́n máa rí mi, Damaris."

"Wọ́n ti rí ẹ."

Micah wo Láolú bí ẹni ń wá onígbọ̀wọ́. Láolú ti wọlé sọ́kọ̀. Micah lọ mú jákẹ́ẹ̀tì kan wá nínú ooru náà, ó wọ̀ ọ́ lé ẹ̀wù aláwọ̀ ewé, ó fa síìpù rẹ̀ dé ọrùn. Ó wakọ̀.

Kingsley ń gbá dígí. Obìnrin tó ń ta ẹ̀fọ́ ní òdìkejì, ọmọ ìlú náà, ló yá a ní ìgbálẹ̀, ó sì ń bá a di ọ̀rá mú. Láolú gbé páálí náà kalẹ̀ níwájú rẹ̀. Kingsley wo inú rẹ̀. Ó wo báàkì tó wà létí títì, ó wo ọkùnrin tó wọ jákẹ́ẹ̀tì níbi ìdarí ọkọ̀, tó ń wo robot bí ẹni pé iná rẹ̀ kò ní í di àwọ̀ ewé láé. Ó tẹ̀, ó mú gásíkẹ́ẹ̀tì náà.

"Ohun tí mò ń wá fún ẹ nìyí. Abẹ́ àwọn búrékì ló wà. Wọ́n rí i ṣáájú mi."

"Mo rí i."

"Ṣé o ṣì fẹ́ rà á?"

"Mo fẹ́ rà á."

"Ó ti wọ́n sí i."

"Èló?"

Kingsley dárúkọ owó kan.

"Háà, Kingsley! O ò bẹ̀rù Ọlọ́run?"

"Wo ilẹ̀ tí mò ń gbá kó o tó pe Ọlọ́run."

Láolú ná an ní ìdajì. Kingsley ní kó gbé e padà sínú páálí. Láolú fi díẹ̀ lé e. Kingsley ní ṣé kí òun wá fi ta á lọ́rẹ ni. Wọ́n ná an lójú títì níbẹ̀, pẹ̀lú ariwo, pẹ̀lú ìbúra, dígí wà lábẹ́ bàtà wọn, títí iye tí wọ́n jọ ń pè fi pàdé. Kingsley bú sẹ́rìn-ín, ẹnu rẹ̀ tó wú dùn ún, ó fi ọwọ́ bò ó. Ọwọ́ náà gòkè dé ojú rẹ̀, ó sì pẹ́ níbẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Láolú dúró tì í. Damaris sọ̀ kalẹ̀, ó gbé ìkòkò náà lé bẹ́ǹṣì tó ṣẹ́ kù, ó kí Kingsley pẹ̀lẹ́, ó padà sínú ọkọ̀ láìmú ìkòkò rẹ̀.

Nígbà tí wọ́n padà dé àgbàlá, Micah bọ́ jákẹ́ẹ̀tì náà, ó kúnlẹ̀ sórí tapólì, ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Kò kọrin bó ṣe máa ń kọ ọ́. Ó fi ọ́ìlì ra ríǹgì, ó ki písítìnì bọ ihò, ó tẹ́ gásíkẹ́ẹ̀tì náà bí ẹni ń tẹ́ aṣọ sórí ọmọ tó sùn. Kò fo ohunkóhun, kò ré nọ́ọ̀tì kankan kọjá. Iṣẹ́ dáadáa ni. Láolú, tó ń ṣọ́ ọ kó lè rí àṣìṣe, kò rí ọ̀kan.

Oòrùn ṣì wà lórí òrùlé nígbà tó dìde tó fi ẹsẹ̀ tan ẹ́ńjìnnì náà. Ó kọ́kọ́ kọ̀. Lẹ́ẹ̀kejì, ó dáhùn. Ohùn rẹ̀ mọ́, ó rọra ń ké, kò sí èéfín. Ẹnikẹ́ni ò pàtẹ́wọ́. Micah jẹ́ kó ṣiṣẹ́ díẹ̀, ó pa á.

"Má fi í sáré púpọ̀ lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́," ló wí. "Kó kọ́kọ́ mọ ara rẹ̀."

"Mo gbọ́. Èló ni iṣẹ́ rẹ?"

Micah rẹ́rìn-ín. "Sbali."

"Iṣẹ́ tó o ṣe. Èló ni?"

Láti ọjọ́ tí Damaris ti wọlé ọkọ, owó ò kọjá láàárín Láolú àti Micah rí. Micah ló so géètì ilé Láolú, Láolú ló ń bá Micah ṣe ìwé owó-orí rẹ̀ lọ́dọọdún. Kò sí ẹni tó ṣírò rẹ̀ fún ẹnì kejì.

"Àna mi ni ẹ́," ni Micah wí.

"Mo mọ̀. Èló ni?"

Micah wo àbúrò rẹ̀. Damaris ń ká tapólì, ó ń gbọn erùpẹ̀ ara rẹ̀ dànù, kò gbójú sókè. Láolú ti mú owó jáde, ó dì í mú níwájú ara rẹ̀ bí oníbàárà.

Micah wo ilẹ̀. Ó dárúkọ iye kan. Owó náà kéré, ohùn tó fi pè é náà kéré.

Kò sí ẹni tó bá a ná an.